Wọ́n Ń Kí Mosúnmọ́lá Kú Ìsinmi

Ìjọba ti pápá ìṣeré ìlú pa láì bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń sáré níbẹ̀ léèrè. Wọ́n sì fagi lé ìdíje tí Mosúnmọ́lá ti ń múra sílẹ̀ fún látọjọ́ pípẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pàdé rẹ̀ a ní, "O kú ìsinmi o, ẹlẹ́sẹ̀ ehoro!" Òun náà a rẹ́rìn-ín, a ní, "A dúpẹ́ o." Bó bá wọlé tán, a dojú kọ ògiri, kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kan, Wúràọlá tí wọ́n jọ máa ń sáré yà kí i. "Àwa tá à ń sinmi! Ṣé o ò ti sanra báyìí?"

Mosúnmọ́lá fẹ́ rẹ́rìn-ín bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ló bọ́ lójú rẹ̀. "Wúrà, mi ò sinmi. Bí mi ò bá ti sáré, mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́."

Wúràọlá jókòó tì í lórí ẹní. "Èmi náà kì í rí oorun sùn. Mo rò pé èmi nìkan ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

Wọ́n dìde, wọ́n ń ya ilé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kiri. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni kú ìsinmi. "O kú ìrọ́jú" ni wọ́n ń wí lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn sì ń ṣí.