Ìdí Tí Agẹmọ Fi Ń Rìn Bí Ẹni Tí Kò Fẹ́ Dé

Nígbà láéláé, kí okùn tó mọ ọrùn Ewúrẹ́, Agẹmọ kì í rìn bó ṣe ń rìn lónìí. Ṣáṣá ló ń rìn. Ojú rẹ̀ méjèèjì sì jọ ń wo ibì kan náà, bí ojú tèmi tìrẹ.

Igbó kan wà láyé ìgbà náà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣọdẹ nínú rẹ̀, tí wọn kì í sì í gé igi ibẹ̀. Igi ibẹ̀ ga débi pé oòrùn ní láti tọrọ àyè kó tó kan ilẹ̀. Àwọn ẹran ilé àti ẹran oko máa ń wá wo igbó náà bí ẹni wá wòran. Àgbìgbò, ẹyẹ ẹlẹ́nu ńlá, ló ń mú wọn kiri. Nígbà náà, bí Àgbìgbò bá ń fò lórí rẹ, o ò ní mọ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ dákẹ́ bí òwú.

Lọ́jọ́ kan, Òkété, Ewúrẹ́ àti Agẹmọ wá wo igbó. Ìyá Agẹmọ sin ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Àgbìgbò, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyí," ló wí. "Bí ẹ ṣe mú un wọlé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ mú un jáde fún mi."

"Ìyá Agẹmọ, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Àgbìgbò dá a lóhùn. "Bí mi ò bá rí i mú jáde, èmi náà ò ní jáde."

Ó wá yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo máa wà níwájú. Bí mo bá dé oríta, màá ṣẹ́ ewé tútù, màá fi dí ọ̀nà tí kò dáa. Ọ̀nà tí ẹ bá ti rí ewé lẹ́nu rẹ̀, ẹ má tọ̀ ọ́. Ère, ejò ńlá tí í gbé ẹran mì, ló ń gbébẹ̀."

"A ti gbọ́, Bàbá," ni gbogbo wọn wí. Ewúrẹ́ ló pariwo jù, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò sófo nígbà tó ń wí i.

Ìyá Agẹmọ tún fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó má dúró lẹ́yìn o. Ẹ ṣáà mọ̀ pé alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.

Wọ́n wọgbó. Háà, igbó náà dùn ún wò! Labalábá ń fò, ọ̀bọ ń fi àwọn àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ lókè. Òkété rí ihò ńlá kan, ó ní ṣé wọ́n ń gba àlejò níbẹ̀. Àgbìgbò ní Òòrẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ló ni ín. Òkété ò bèèrè mọ́.

Àwọ̀ ni Agẹmọ ń wò ní tirẹ̀. Bó bá rí òdòdó pupa, á dúró, á gbé pupa wọ̀. Bó bá rí olú tó dà bí ọsàn pípọ́n, á bọ́ pupa sílẹ̀, á gbé ìyẹn wọ̀. "Ṣé ó yẹ mí?" ló ń bèèrè ṣáá. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa dá a lóhùn.

Níwájú, Àgbìgbò ti dé oríta. Ó ṣẹ́ ewé, ó fi dí ọ̀nà àbàtà tó wà lápá òsì, ó gba ọ̀tún. Òkété tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ tó ń jẹko bọ̀ lẹ́yìn wọn rí ewé tútù yọ̀yọ̀ nílẹ̀.

"Àwọn ará ibí mà mọ àlejò í ṣe o," ló wí. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó sì sáré bá wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni Agẹmọ dé, tí kò bá ewé kankan.

Ó gbé ẹsẹ̀ sí ọ̀tún, ó fà á padà. Ó gbé e sí òsì, ó tún fà á padà. Ó wá fi ojú kan ṣọ́ ọ̀tún, ó fi ìkejì ṣọ́ òsì. Ẹ̀rù bà á gan-an. Oòrùn sì ti ń lọ.

Ewé gbígbẹ dún lápá òsì. "Ọmọ dáadáa," ni ohùn dídùn kan wí, "mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ. Ọ̀nà rèé, máa bọ̀."

Agẹmọ gbé ẹsẹ̀. Ó wá rò ó pé: Bàbá Àgbìgbò mọ orúkọ mi, ta wá ni ọmọ dáadáa? Ó fa ẹsẹ̀ padà, ó gun igi, ó gbé àwọ̀ ewé wọ̀. Ère yọ jáde, ó wòkè wolẹ̀, kò rí i. Ó ká jọ sídìí igi náà, ó ń retí.

Lẹ́nu ọ̀nà igbó, Òkété jáde, Ewúrẹ́ jáde. Ìyá Agẹmọ ń na ọrùn wo ẹ̀yìn wọn.

"Ọmọ mi dà?"

Àgbìgbò yíjú sí Ewúrẹ́. "Ewúrẹ́, ewé tí mo fi dí ọ̀nà ńkọ́?"

"Èwo nínú wọn?" Ewúrẹ́ gùnfẹ̀. "Èyí tó korò díẹ̀ yẹn? Mo ṣebí oúnjẹ àlejò ni."

Ìyá Agẹmọ káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Àgbìgbò ti fò padà.

Ó dé oríta, kò rí Agẹmọ láàárín ewé. Agẹmọ náà kò rí i, nítorí ojú rẹ̀ méjèèjì wà lórí ọ̀nà méjì, kò sí èyí tó ń wo òkè. Kò sì lè ké, kí Ère má baà gbọ́.

"Bí mi ò bá rí i," ni Àgbìgbò wí, "kó gbọ́ mi." Ó fi gbogbo agbára lu ìyẹ́ rẹ̀. Fùù! Fùù! Fùù! Ó lù ú títí ìyẹ́ náà fi le gbandi.

Agẹmọ gbọ́. Ó ń tọ ìró náà láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, lókè orí Ère, títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n délé, ó pè é wá jẹun. Agẹmọ gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó fà á sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá yìí."

"Mo mọ̀, Màámi. Ẹ jẹ́ kó dá mi lójú ná."

Láti ọjọ́ náà ni ìyẹ́ Àgbìgbò ti ń hó lókè igbó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi okùn fa Ewúrẹ́ bí ìrìn bá kàn án. Bí ẹ bá sì rí Agẹmọ lórí ẹ̀ka, tó ń mì síwájú sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ kan ń wo ìhín, tí ìkejì ń wo ọ̀hún, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣì ń wá ewé tí Ewúrẹ́ jẹ.