Ìgbín Alámì Pupa

Bí ẹnìkan ní Abà Ìyeyè bá dáwọ́ lé ohun tó kan ẹlòmíràn láì wí fún un, àwọn àgbà ibẹ̀ kì í bá a jà. Wọ́n á kàn ní, "Ẹni tó fàmì sí ìgbín lára, kó wí fún ẹni tó ń he ìgbín." Àlejò á máa wojú wọn. Ta ní í fàmì sí ìgbín lára? Ṣé adìyẹ ni? Ó kúkú ṣẹlẹ̀, ẹkún ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Ìbídùn ló dá a sílẹ̀. Ọmọ náà mọ ìṣirò bí ẹni mowó. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi gboyè ni pé kó fi ìṣirò mọ iye ìgbín tó wà nínú igbó abà náà. Baálẹ̀ pàápàá ń retí èsì rẹ̀, torí àwọn oníṣòwò láti ìgboro fẹ́ wá kó ìgbín níbẹ̀. Bó bá pọ̀, kí wọ́n wá. Bí ò bá pọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún Màmá Àwẹ̀ró, opó tó jẹ́ pé ìgbín tó ń he ló ń gbé ìkòkò rẹ̀ kaná.

Ìbídùn mú ọgọ́rùn-ún ìgbín, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìkarahun wọn, ó sì tú wọn sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, yóò tún mú òmíràn. Bí alámì bá pọ̀ nínú wọn, a jẹ́ pé ìgbín igbó ò pọ̀. Bí alámì bá ṣọ̀wọ́n, a jẹ́ pé ìgbín pọ̀ lọ súà. Bó ṣe ń jáde bọ̀, ó pàdé Màmá Àwẹ̀ró lẹ́nu igbó. Màmá kí i kú iṣẹ́, ó bi í pé kí ló ń wá. Ọmọ yìí rò ó lọ́kàn pé kí ni arúgbó tí ò kàwé fẹ́ gbọ́ nínú ìṣirò. Ó ní, "Iṣẹ́ ìwé ni, Màmá," ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà wá, ọgọ́fà ìgbín ló mú, méjì péré ló lámì. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣírò rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló já sí. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ yìn ín, Baálẹ̀ gbà á gbọ́, àwọn oníṣòwò sì wọgbó tàpò-tàpò. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, igbó ti dá páropáro.

Ọ̀rọ̀ náà dààmú Ìbídùn. Ó padà sí abà, ó lọ bá Màmá Àwẹ̀ró nílé. Màmá ti gbẹ, ẹ̀kọ mímu ló ń mu láìsí àkàrà. Ìbídùn bi í bóyá ó rí ìgbín alámì pupa rí. Ojú Màmá tàn. Ó fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ó ṣí ewé tó fi bo àgbá kan. Ìgbín alámì pupa ló kún inú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ewé ìbẹ́pẹ.

"Ìwọ lo ni wọ́n?" ni Màmá wí. "Mo rí àmì lára wọn, mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe ìgbín lásán, bí ìgbà téèyàn so aṣọ mọ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀. Mo bá ń ṣà wọ́n jọ kí wọ́n má baà sọnù; kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, mo ti kó gbogbo èyí tí mo rí sínú àgbá yìí. Mo béèrè kiri, kò sẹ́ni tó ní òun ló ni wọ́n."

Ìbídùn bi í pé kí ló dé tí ò jẹ wọ́n nígbà tébi ń pa á.

"Ohun olóhun? Kà wọ́n, ọmọ mi."

Ìbídùn kà wọ́n. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Gbogbo ìgbín tó kù ní Abà Ìyeyè nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ sídìí àgbá náà, ó bú sẹ́kún. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu omijé ojú rẹ̀. Ohun tí ọmọ náà ń sunkún fún ò yé e rárá.

"Ṣé wọn ò pé ni?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Ìbídùn ò sọ lẹ́nu igbó lọ́jọ́sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wí i ní Abà Ìyeyè títí dòní pé ẹni tó fàmì sí ìgbín lára, kó wí fún ẹni tó ń he ìgbín.