Ìjàpá àti Àwọn Ará Inú Kòtò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó di inú kòtò gbígbẹ. Ta ló bá níbẹ̀? Ẹ má tíì dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ẹ sáà wo ahun tó wà lẹ́yìn ilé yín: bó bá gbúròó ẹsẹ̀ yín, kí ló máa ń fi orí rẹ̀ ṣe? Ẹ fi ìyẹn pamọ́ ná.

Ní ọdún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú ìlú àwọn ẹranko. Odò gbẹ, àwọn ọmọdé ń lá ìrì ara ewé. Ìgbìmọ̀ ìlú bá pinnu pé kí wọ́n gbẹ́ kàǹga. Ilé kọ̀ọ̀kan mú iṣu wá, kí àwọn tó máa gbẹ́ ẹ lè máa rí nǹkan jẹ. Ìjàpá ọkọ Yánníbo, olórí àdúgbò Ìsàlẹ̀-Àpáta, ló ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé òun lọ́wọ́. Kò bi ẹnì kankan léèrè ibi tí omi wà. Ojúde ara rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kí iṣu ìlú lè wà nítòsí ààrò òun.

Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́lẹ̀ títí, kòtò jìn. Wọn ò rí omi, wọn ò sì rí iṣu. Ní ọjọ́ kẹrin, ebi lé wọn lọ sílé. Inú Ìjàpá dùn ṣìnkìn. Ó ń sè, ó ń sun, ó ń gún. Ibi tó ti ń da èèpo iṣu sínú kòtò ló ti wúkọ́, ni kòtò náà bá wúkọ́ padà. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Kòtò ní, "Nìyẹn… nìyẹn…" Ìjàpá rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ẹlẹ́gbè.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ rán àwọn méjì wá bi í léèrè iṣẹ́: Ẹfọ̀n, tí í ṣe àgbà ìgbìmọ̀, àti Ìyá Òkété, tó ti ń gbẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá Ìjàpá.

Ẹfọ̀n ní, "Ìjàpá, omi ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà, Bàbá. Omi àgbà ni, kì í kánjú."

"Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Ṣé o fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n kí o tó bẹ̀rẹ̀?"

"Bàbá, àwọn náà ló wà nínú kòtò yìí, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n lójú yín."

Ó na ọrùn sí ẹnu kòtò. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa?"

"Dáadáa… dáadáa…"

"Ṣé iṣu tí mò ń sè fún yín dùn?"

"Dùn… dùn…"

"Ṣé kí ìgbìmọ̀ fi kún un?"

"Fi kún un… kún un…"

Orí Ẹfọ̀n wú. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń bẹ iṣẹ́ wò, òun kò tíì rí ibi tí ẹnu ará àdúgbò ti kò báyìí. Ó ní kí wọ́n kó iṣu mìíràn wá lọ́la. Ìjàpá ti ń ro iye ata tí yóò fi sí i.

Ṣùgbọ́n Ìyá Òkété ń wo ilẹ̀. Kò rí erùpẹ̀ tútù, kò gbọ́ ìró ọkọ́. Síbẹ̀, àgbà kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Ó rọra wá sẹ́nu kòtò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Kú iṣẹ́ o… iṣẹ́ o…"

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá kí yín kú iṣẹ́, ṣé bí ẹ ṣe máa ń dáhùn nìyẹn? "Òo, ẹ ṣé o" ńkọ́? Ìyá Òkété mirí. Ó ní, "Ìjàpá, irú ọmọ wo ló wà níbí? A kí wọn, wọ́n dá ìkíni wa padà fún wa. Èyí kì í ṣe ọmọ tí ìyá kọ́."

"Ẹ má bínú, Ìyá, ariwo ọkọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ dáadáa."

"Ọkọ́ wo?" Ìyá Òkété tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kígbe sí ìsàlẹ̀. "Ta ló jẹ iṣu wa?"

"Jẹ iṣu wa… iṣu wa…"

Àyà Ìjàpá já. Ó gbàgbé pé kò sí ẹnì kankan nínú kòtò. Ó sáré na ọrùn, ó lọgun: "Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́!"

"Mo jẹ ẹ́… mo jẹ ẹ́… jẹ ẹ́…"

Ẹ̀rín pa Ẹfọ̀n títí ó fi jókòó. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú tì í nítorí ọ̀rọ̀ tó ti kọ́kọ́ sọ, ó ní kí wọ́n pe gbogbo ará àdúgbò, àwọn tó lápá tó lẹ́sẹ̀. Ìyá Òkété bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀lọ́, tí ẹnì kan ò bi ní nǹkan rí, ní, "Ìyá, àpáta ló wà níbí. Omi wà nídìí ọ̀pọ̀tọ́ lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni mo máa ń sá oòrùn sí." Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, omi rú jáde, àwọn ọmọdé mu ún, wọ́n sì fi wẹ̀.

Ta ló ru erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ fi dí kòtò ojúde? Ìjàpá ni. Bó bá ti yọrí báyìí, àwọn ọmọdé á ní, "Ìjàpá, omi ńkọ́?" Á yára fa orí wọlé. Ó fà á títí ó fi mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, títí dòní, bí ahun bá gbúròó ẹsẹ̀, orí rẹ̀ á wọlé lọ. Ó rò pé ìgbìmọ̀ ló tún dé.

Ibi tí àlọ́ mi já sí nìyí. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ ọn, kí ohùn ẹnu mi dá mi lẹ́jọ́ bíi ti Ìjàpá. Bí n kò bá sì parọ́, ẹ kí mi kú iṣẹ́, kí ẹ gbọ́ bí ọmọ tí a kọ́ ṣe ń dáhùn.