Àpò Àkísà Àyọ̀ká

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Ẹnu yín ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹ ń pa á fún ọmọ, ẹ ń pa á fún ìyàwó ilé, ọ̀gá ń pa á fún ọmọṣẹ́. Ó dáa, mo fẹ́ bi yín: ta ló ń fi àkísà yangàn? Aṣọ tó ti gbó, tí à ń fi nulẹ̀, kí ló dé tí àgbà fi ń fi í halẹ̀ mọ́ ọmọdé? Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jókòó. Àwọn aláró Òkè-Ìgbín ló dá a sílẹ̀.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àyọ̀ká, ìyàwó Ọ̀jẹ́wùmí. Ó gbọ́n, ó lẹ́wà, ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló burú ńbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń gún elú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, wọ́n ṣì ń pọnmi fún ọ̀gá, nígbà tí Àyọ̀ká ti gba òmìnira, tó ti ri ìkòkò aró tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di ẹni tí àwọn olówó ń wá kiri. Àpótí aṣọ rẹ̀ kún dẹ́nu. Èyí tó bá ró lọ́jà òní, ẹ ò ní rí i lára rẹ̀ lọ́jà tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Aṣọ kan ò bàjẹ́ lọ́wọ́ mi rí."

Irọ́ kọ́ o, òótọ́ ni. Ohun tí kì í sọ ni pé bí aṣọ tó ṣòro bá dé, tó nípọn jù, tàbí tí olówó rẹ̀ le lẹ́nu, Àyọ̀ká á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ gbé e lọ fún Ìyá Láníhùn, ọwọ́ mi dí." Ìyá Láníhùn, àgbà aláró tó ń fín aáṣáà, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, á sì gbà á. Nígbà mìíràn aṣọ náà á dára. Nígbà mìíràn á bàjẹ́ kanlẹ̀, èpè á sì máa rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Ó wá di ọjọ́ kan, Ìyá Ẹgbẹ́, tó jẹ́ olórí gbogbo aláró, ní ara òun ò gbé e mọ́, kí wọ́n yan ẹlòmíràn. Inú Àyọ̀ká dùn dé gongo. Oyè yìí ló ti ń lá lálàá láti ìgbà tó ti ń gún elú, nítorí olórí aláró ló ń sọ ẹni tó tó ìkòkò í rì, òun ló ń bá baálẹ̀ jókòó lọ́jọ́ ọdún. Ta ni wọn ó tún mú bí kò ṣe òun?

Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "Ẹ mọ àṣà wa. Lọ́jọ́ ọjà, kí ẹni tó bá ń fẹ́ oyè gbé àpò àkísà rẹ̀ wá."

Ní Òkè-Ìgbín, bí aláró bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ó gbọ́dọ̀ ra òmíràn fún un, á sì gé díẹ̀ lára èyí tó bàjẹ́ sínú àpò. Kò gbọ́dọ̀ jù ú nù. Àyọ̀ká ò tiẹ̀ ní àpò. Kí ni ìbá kó sí i?

Ọkọ rẹ̀ ní kó fara balẹ̀. "Ọjọ́ orí rẹ ṣì kéré. Oyè ò sá lọ."

"Olówó orí mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa kúnlẹ̀ kí Ìyá Láníhùn ni? Obìnrin tó jẹ́ pé aṣọ bíbàjẹ́ ló mọ̀! Nítorí àkísà lásán? Ṣé àkísà wá le ni?"

Ló bá wá àpò, ó ṣí àpótí. Ó fi ọ̀bẹ gé kíjìpá tuntun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ti òmíràn bọ aró, ó yí i nínú eérú. Ẹ wá wo ẹ̀rín! Ọwọ́ tó ti mọ́ṣẹ́ dáadáa ò mọ bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́. Bó bá ti aṣọ bọ aró kó lè bàjẹ́, ńṣe ni aṣọ á yọ dúdú, á máa dán. Inú bí i, ó gbé òkúta, ó fi ń ha á.

Ọ̀jẹ́wùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àyọ̀ká, kí ni aṣọ ṣe ọ́?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!"

Nígbà tó kan etù tí ìyá rẹ̀ fi sin ín wá sílé ọkọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó wo àpò, kò tíì kún. Ó gé e.

Lọ́jọ́ ọjà, àpò ńlá méjì ló gbé kalẹ̀, ti Ìyá Láníhùn ò ju kékeré kan lọ. Àwọn èèyàn ní, "Háà!" Àyọ̀ká na ọrùn. Ìyá Ẹgbẹ́ ò tiẹ̀ wo bí àpò ti tóbi tó. Ó fa àkísà kan yọ nínú ti Ìyá Láníhùn.

"Kí ló ba èyí jẹ́?"

"Omi eérú tí mo fi po elú ni. Mo ń bá ọkọ mi jà lọ́jọ́ náà, mi ò tọ́ ọ wò. Ó le jù, ó jẹ aṣọ."

"Èyí ńkọ́?"

"Aṣọ ìyàwó tuntun. Wọ́n ń kán mi lójú, mi ò jẹ́ kó gbẹ kí n tó tún un rẹ. Ó ṣe kàlákìnní bí ara ẹtù. Ìyá ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹgbẹ́ yíjú sí àpò Àyọ̀ká. "Èyí?"

"Òjò ló pa á, Ìyá."

"Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí? Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀... èkúté ló jẹ ẹ́."

Ìyá Ẹgbẹ́ na etí aṣọ náà tó gún régé sókè. "Èkúté yìí lọ́bẹ o!"

Ọjà gbà á lẹ́rìn-ín. Ìyá Láníhùn rẹ́rìn-ín títí aáṣáà fi dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́," ló wí. "Bí aṣọ bá ń yọ dáadáa, ta ló ń wá olórí? Ìgbà tí ìkòkò bá kọ̀ lẹ ń sáré pè mí. Ẹni tí ìkòkò ò kọ̀ fún rí, kí ló fẹ́ sọ fún yín?" Ó tún tọwọ́ bọ àpò, ó fa etù yọ. Gbogbo ọjà dá a mọ̀: etù ìgbéyàwó rẹ̀ ni. "Àyọ̀ká, kí ló ba èyí jẹ́?"

Àyọ̀ká ò purọ́ mọ́. Omijé ló kọ́kọ́ bọ́.

"Ìkánjú ni, Ìyá. Mo fẹ́ fi ọjọ́ mélòó kan ní ohun tí ẹ fi gbogbo ayé yín kó jọ. Ìyá mi ló fún mi."

Ìyá Ẹgbẹ́ da gbogbo ìyókù sílẹ̀, ó ká etù náà, ó fi lé e lọ́wọ́. "Èyí nìkan ni àkísà nínú gbogbo ẹrù rẹ. Lọ wá àpò kékeré kan fún un."

Ìyá Láníhùn ló joyè. Lọ́jọ́ ìwúyè, Àyọ̀ká, aláṣọ rẹpẹtẹ, ò rí aṣọ ró, nítorí ó ti gé tirẹ̀ tán, ọ̀kan lára ti olórí tuntun ló yá lọ síbi ayẹyẹ náà. Ìyá Láníhùn ò ṣàì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i: "Àyọ̀ká, mo lè yá ọ láṣọ títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Àkísà mi nìkan ni mi ò lè yá ọ."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wí i: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.