Ìwé Ìwáṣẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ jẹ́ kó dún! Dérìnọlá, sún mọ́bí. Ìwọ tó o jáde yunifásítì, tó o ń sunkún pé o ò ní nǹkan kan tó o máa kọ sínú ìwé ìwáṣẹ́, ìwọ ni mo ń pa tòní fún. Àlọ́ mi gbéra, ó kọjá nílé Ọ̀kẹ́rẹ́, ó yà sọ́dọ̀ Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan rí, Erin ọba ẹranko ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú àká irúgbìn ìlú. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà kọ ohun tó ti ṣe rí sínú ìwé, kó mú un wá sáàfin lọ́jọ́ ọjà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ ni. Ìyá Àgbà tó tọ́ ọ kò ríran dáadáa mọ́. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ kò bá ríṣẹ́, ebi ni yóò pa àwọn méjèèjì. Ó mú gègé, ó wo ìwé títí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ni mo ti ṣe rí? Àfi ekùrọ́ tí mo máa ń rì mọ́lẹ̀ fún Ìyá Àgbà de ìgbà ọ̀wọ́n."

Ni Ìjàpá bá yọjú. Ibi tí ẹkún bá wà, kò jìnnà síbẹ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ọmọ mi, ekùrọ́ kẹ̀? Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́! Jẹ́ kí n bá ọ kọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún gbogbo ẹranko tó ń wá iṣẹ́ náà. Ó gbọ́ ti Ọ̀bọ tó mọ igi gùn, ó gbọ́ ti Òkété tó mọ ilẹ̀ gbẹ́, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀. Irúgbìn inú àká ló wọ̀ ọ́ lójú. Ó ti ń dá itọ́ mì. Oríkì òfìfo ló kọ fún àwọn yòókù.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ka tirẹ̀ sétí Ìyá Àgbà: "Èmi akọni, èmi ògbóǹtarìgì, èmi tí mo mọ ohun gbogbo…"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá Àgbà."

"N ò mọ ẹni yẹn o. Ọmọ tèmi, ekùrọ́ ló máa ń rì. Ẹlòmíì ló ń ki èèyàn ní oríkì. Èèyàn kì í ki ara ẹ̀ níwájú ọba."

Ojú ti Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ya ìwé náà, ó kọ òmíràn, kò ju ìlà mélòó kan lọ.

Ọjọ́ pé. Ìwé Ìjàpá gùn débi pé ó ń wọ́lẹ̀. Erin kà á, ó ju etí.

"O mọ igi gùn?"

"Kábíyèsí, orí igi ni wọ́n bí mi sí."

"Ó dáa. Òjò ti ṣú, àká sì wà lórí àràbà yẹn. Gùn ún, kí o lọ bo irúgbìn."

Há! Ìjàpá rápálá dé ìdí igi, ó kọ́ ẹsẹ̀ mọ́ ìtàkùn, ìtàkùn dorí rẹ̀ kodò. Ó ń fì dirodiro. Ó figbe orin ta. Ẹ bá mi gbè é:

*Ọ̀kẹ́rẹ́ ọmọ mi, gbà mí o,*
*Jáńjan kété!*
*Ìwé ni mo kọ, n ò mọṣẹ́,*
*Jáńjan kété!*
*Òjò ń bọ̀, orí mi wà nílẹ̀,*
*Jáńjan kété!*

Ọ̀bọ ṣì ń ka oríkì tí wọ́n kọ fún un. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti sáré gòkè ní tirẹ̀, ó ti fi ewé bo irúgbìn. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó fi eyín gé ìtàkùn fún Ìjàpá. Ìjàpá balẹ̀ gbì! Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Erin gba ìwé Ọ̀kẹ́rẹ́, ó kà á sókè: "Mo máa ń ri ekùrọ́ pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n. Mo máa ń ṣọ́ wọn kí eku má jẹ wọ́n. Mo gbàgbé ibi tí mo ri ọ̀kan sí. Ó hù, mo ń bomi rin ín."

"Ṣé ó ti so?"

"Kò tíì so, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ó ti ga jù mí lọ."

Erin rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń tọ́jú èyí tó gbàgbé kò ní fi èyí tó rántí ṣòfò. Gba kọ́kọ́rọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà jẹun yó.

Ìdí àlọ́ mi rèé: iṣẹ́ tó o fọwọ́ ara rẹ ṣe, bó ti wù kó kéré tó, kọ ọ́ bó ṣe rí, kí o sì mú èyí tó bá iṣẹ́ tí ò ń wá mu. Àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ èèyàn; bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀yin ọmọ má gbe orin mi mọ́.

Dérìnọlá, ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ agboolé yìí ní ìṣirò ní gbogbo ìgbà ìsinmi? Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ni? Nu ojú rẹ. Lọ mú bírò wá.