Owó-Bodè Ìlú Amọ̀kòkò

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ baálẹ̀ ìlú kékeré kan létí odò. Amọ̀ ni Ọlọ́run fi jíǹkí ìlú náà. Ìkòkò ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń mọ, ibẹ̀ ni tilé-toko ti ń jẹ. Ní ìsàlẹ̀ odò, ìlú mìíràn wà tí kò ní amọ̀ rárá, àfi ẹja àti iyọ̀. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò á kó ẹja yíyan àti iyọ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n á tù ú wá. Bí wọ́n bá tà tán, wọ́n á ra ìkòkò, wọ́n á tò ó sínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n á sì máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ayé baba baálẹ̀.

Baálẹ̀ yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò kàn ń gbọ́ ìyìn tó ni. Àwọn apẹja ìlú rẹ̀, tí wọn ò pọ̀ rárá, wá bá a pé ẹja àlejò ti gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn létí ju oyin lọ. Kò pe ìgbìmọ̀, kò ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò. Ó ní kí wọ́n na ọ̀pá bodè sí èbúté, kí ẹrù àlejò kankan má kọjá láìsan owó.

Ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́ dára. Owó wọlé, baálẹ̀ sì ra fìlà tuntun. Àwọn àlejò sanwó láìjà láìta, ni baálẹ̀ bá ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé kò síbi tí wọ́n tún fẹ́ gbà.

Lọ́jọ́ ọjà kejì, wọn ò wá. Lọ́jọ́ kẹta, wọn ò wá. Baálẹ̀ ní kò burú, ẹja ń bẹ nílé. Ẹja ń bẹ nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí kò rò ni pé ọkọ̀ tó ń gbé ẹja wá náà ló ń gbé ìkòkò lọ. Ta ni yóò tu ọkọ̀ òfìfo gun odò nítorí ìkòkò nìkan? Ìkòkò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kún ẹ̀yìnkùlé, ó kún ojú ọ̀nà débi pé ewúrẹ́ ò ríbi gbà. Iyọ̀ wọ́n. Àwọn apẹja tí wọ́n tìtorí wọn na ọ̀pá pàápàá ò rẹ́ni ra ẹja wọn mọ́, nítorí àwọn amọ̀kòkò tí í rà á ò lówó lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n baálẹ̀ obìnrin ni olórí àwọn amọ̀kòkò. Ó wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní àwọn ìyàwó ilé ti ń di ẹrù, wọ́n fẹ́ wá ìlú mìíràn tí amọ̀ wà tí ọ̀nà odò rẹ̀ sì ṣí.

“Àbúrò mi,” ó ní, “ìlú tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún ọ ló ń tú lọ yìí.”

Ẹ̀rù ba baálẹ̀. Kí ìlú má bàa tú mọ́ ọn lórí, ó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó forí lé ìsàlẹ̀ odò. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń ro èébú tí wọn yóò bú u.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti gúnlẹ̀, wọ́n gbé àga fún un lábẹ́ igi, wọ́n bu omi tútù fún un. Olórí wọn, àgbàlagbà kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, dúró kó mu omi tán kó tó bi í pé kí ló gbé e wá. Baálẹ̀ ní òun wá bẹ̀bẹ̀, pé òun yóò fagi lé owó bodè náà pátápátá.

Bàbá náà mirí. “Owó kọ́ ló dùn wá,” ó ní. “Ẹni tó nilẹ̀ lè gbowó lórí ilẹ̀ rẹ̀, àwa náà ń gbà á níbí. Ṣùgbọ́n láti ayé bàbá yín, omi lẹ máa ń fún wa ní èbúté kí ẹ tó béèrè ẹrù wa. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pá la bá nínú oòrùn, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Àìfinipeni yẹn ló dùn wá. Ẹ pè wá, ká jọ fẹnu kò.”

Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú baálẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n fi owó bodè sí ìwọ̀nba, pé bí àlejò bá tajà tán ni yóò tó san án. Baálẹ̀ tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹja àrọ̀ sílẹ̀ fún àwọn apẹja òun, torí àrọ̀ nìkan ni wọ́n ń pa. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò gbé àrọ̀ wá rí. Baálẹ̀ ò mọ̀, nítorí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ yọ lókèèrè. Àwọn obìnrin sáré lọ sí èbúté pẹ̀lú ìkòkò lórí, àwọn tó ti di ẹrù sì tú u. Ara tu baálẹ̀ débi pé òun náà ń bá wọn ru ìkòkò, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ní kó lọ jókòó kó tó fọ́ wọn tán.

Ọmọ mi, torí tìrẹ ni mo ṣe pa ìtàn yìí: ìwọ ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rọ̀ òwò lé lọ́wọ́ yìí, òfin tí yóò gbówó lé ọjà tó ń ti ilẹ̀ mìíràn wọlé sì wà lórí tábìlì rẹ. N ò ní kó o má gbowó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń kó ọjà wá bá wa náà ló ń ra kòkó wa. Baálẹ̀ yẹn ríbi padà sí torí pé àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ní sùúrù, ìwọ má sì fi sùúrù ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́. Ránṣẹ́ sí wọn kó o tó buwọ́ lù ú, kó o sì bi àwọn ará ilé léèrè pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ kan wà lóko lónìí tí wọn ò mọ orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n abẹ́ kálàmù rẹ ni kòkó wọn wà.