Fìtílà Òkété lórí Ọgbà Ẹtù

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀yin àgbà. Àlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn títí, ó bà sórí Òkété, aládùúgbò Ẹtù.

Ní ìgbà kan rí, Òkété kì í gbé inú ihò. Ó ní ilé tirẹ̀, ọgbà tí wọ́n fi ọ̀pá ṣe ló sì pààlà láàrin òun àti Ẹtù. Nígbà náà, kò sí ẹranko tó ń ka oṣù. Òdòdó pupa kan ni wọ́n ń wò. Olúkúlùkù gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tanná ni yóò sáré lọ sọ fún Erin, ọba wọn, pé ọyẹ́ ti dé, kí wọ́n ṣe ọdún. Ọwọ́ ọ̀tún ọba ni ẹni náà yóò jókòó sí títí ọdún yóò fi yípo, gbogbo ìlú á sì máa kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko, Ẹtù ló ń jókòó níbẹ̀.

Háà! Ẹ̀yin ọmọ, ìlara ò dáa. Bí Òkété bá gbọ́ tí wọ́n ń kí Ẹtù, á ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á máa bi ara rẹ̀ pé, "Kí ló fi jù mí lọ? Ṣé ẹsẹ̀ tín-ín-rín yẹn ni?" Ìyàndá, má rẹ́rìn-ín, ìwọ náà sunkún lánàá torí ẹran ẹ̀gbọ́n rẹ tóbi ju tìẹ lọ.

Òkété fi ẹ̀rín sẹ́nu, ó lọ bá Ẹtù. "Ọ̀rẹ́ mi, kí lò ń fi sídìí òdòdó rẹ gan-an?"

Ẹtù ò mọ ẹ̀tàn. Ó ní, "Mi ò fi nǹkan kan sí i. Òdòdó yìí mọ bí òru ṣe gùn tó. Lásìkò òjò, ọ̀sán gùn, òru kúrú, ewé lásán ló máa ń yọ. Bí ọyẹ́ bá ń bọ̀, ilẹ̀ á tètè máa ṣú, òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Bó bá ti sun òru gígùn bí ogún ọjọ́ láìrí iná, á tanná. Ìwọ, ìdí tìrẹ lo ti ń dáná sun ẹ̀pà lálaalẹ́. Báwo ló ṣe fẹ́ sùn?"

Òkété délé, ó kó ààrò rẹ̀ kúrò. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ìlara ò jẹ́. "Tèmi nìkan ló gbọ́dọ̀ sùn," ló wí. "Màá gé òru kúrú fún ti Ẹtù." Ó rọ epo sí fìtílà, ó gbé e ka orí ọgbà, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Fìtílà mi, má kùú o,
*Tàn yanran!*
Má jẹ́ kí ti Ẹtù sùn o,
*Tàn yanran!*
Ọwọ́ ọ̀tún ọba, èmi ló kàn,
*Tàn yanran!*

Ẹtù jáde. "Òkété, fìtílà kí nìyí?"

"Olè pọ̀ níta, ọ̀rẹ́ mi. Mo ń bá ọ ṣọ́ òdòdó ni."

Ẹtù dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò ju òru méjì lọ tí ara fi fu ú. Kò bá a jà. Bó bá ti gbọ́ tí Òkété ń hanrun, á gbé agbọ̀n ńlá bo òdòdó rẹ̀, á da ewé lé e. Bí oòrùn bá yọ dáadáa, á ṣí i. Ọ̀lẹ sì ni Òkété, kì í tètè jí.

Gbogbo epo ilé Òkété ló bá fìtílà lọ. Iṣu funfun lásán ló ń jẹ, ó ń há a lọ́fun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo sọ. Òdòdó Ẹtù ti pọ́n wẹ̀ẹ̀! Òkété sáré wo tirẹ̀. Ewé lásán. Ó figbe ta lọ sí ààfin. "Kábíyèsí, Ẹtù ti ṣe òdòdó mi ní nǹkan! Mo kó ààrò kúrò, òtútù ń mú, síbẹ̀ kò tanná!"

Erin bá a délé. Fìtílà ṣì ń jó lórí ọgbà. "Ta ló ni èyí?"

"Tèmi ni, Kábíyèsí. Mo fi ń bá Ẹtù ṣọ́ òdòdó láti ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

Erin wo agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó Ẹtù, Ẹtù sì sọ fún un pé òun ni òun fi ń bò ó lóru. Ó yíjú sí ti Òkété, tó wà lábẹ́ fìtílà kan náà. "Agbọ̀n ló bo ti Ẹtù. Kí ló bo tìrẹ?"

Òkété gbójú sókè, ó rí fìtílà rẹ̀ lókè òdòdó rẹ̀.

Erin mi orí. "Kíkó tí o kó ààrò kúrò yẹn ti tó. Ká ní o pa fìtílà kí o sùn, òdòdó ẹ̀yin méjèèjì ì bá jọ tanná lọ́jọ́ kan náà. Ọwọ́ ọ̀tún mi gba àga méjì, Òkété. O ò bi mí rí."

Ojú ti Òkété débi pé ó gbẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, ó wọlé lọ. Títí dòní, bó bá rí iná, á sá wọ ihò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó tan iná kí ọmọnìkejì rẹ̀ má sùn, ara tirẹ̀ ló ń tàn án sí. Bí mo bá ṣì í sọ, kí ẹ̀yin àgbà bá mi tún un ṣe.